Irun Pupa Tí Mo Kùn fún Erinmi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi. Mo mọ̀ pé ẹ máa bú mi. Ọkọ mi ti bú mi, ìyá mi ti bú mi, èmi náà sì ti bú ara mi débi pé kò ku èébú kan tí mi ò tíì gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ máa kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná. Ìyẹn dá mi lójú.

Iléeṣẹ́ tó ń tẹ ìwé tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń kọ iṣẹ́ kíláàsì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Lókè ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ní igun ọwọ́ ọ̀tún, àwòrán ẹ̀fẹ̀ kékeré kan máa ń wà níbẹ̀ tí kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ológbò tó ń fọ eyín. Ewúrẹ́ tó di okùn bàtà. Èyí táwọn ọmọ fẹ́ràn jù ni erinmi kan tó gbé báàgì iléèwé kọ́ èjìká, tó ní irun mẹ́ta péré lórí, eyín kan ṣoṣo lẹ́nu, àti ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Bàbá Pẹ́ńsù ló ń yà wọ́n. Gbogbo wa la ń pè é bẹ́ẹ̀, torí pé pẹ́ńsù kì í kúrò lẹ́yìn etí ẹ̀. Kí wọ́n tó bí mi ló ti ń ya àwòrán níbẹ̀. Bàbá yìí kì í ya nǹkan sórí bébà, ó ní ìfiṣòfò ni. Táìsì funfun kan báyìí, irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri balùwẹ̀, ló máa ń yà á sí, á wá fi ọ̀dà olómi kùn ún. Tó bá ti gbẹ, á gbé e wá bá mi, màá fi ẹ̀rọ yà á sínú kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà, á fi aṣọ tútù nù ún dànù, á sì ya òmíràn sójú ẹ̀.

Ẹ fọkàn sí ìyẹn dáadáa o. Kò sí àwòrán kan tí Bàbá fọwọ́ ara ẹ̀ kùn tó ṣẹ́ kù níbì kankan, àfi inú kọ̀ǹpútà mi.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n mú kí àwọ̀ àwọn àwòrán yẹn tàn. Ọ̀dà olómi kì í hàn tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ kékeré, ṣe ló máa ń ṣá. Nítorí náà, màá fẹ àwòrán náà sórí kọ̀ǹpútà títí ojú erinmi nìkan á fi gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà, màá gbé àwọ̀ ìyeyè sókè, màá yọ ìdọ̀tí kúrò lára àwọ̀ ewé, màá mú kí búlúù dán. Tó bá yá, màá dín in kù padà.

"Má fọwọ́ kan ilà, má fi nǹkan kún un, má yọ nǹkan kúrò," Bàbá sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. "Àwọ̀ tí mo bá fi síbẹ̀, òun náà ni kó o tàn. Ṣé o gbọ́, ọmọ mi?"

Mo ní mo gbọ́. Bàbá yìí ló kọ́ mi ní àwọ̀ tó yẹ kó jókòó ti àwọ̀. Kò fi nǹkan kan pa mọ́ fún mi rí.

Ọ̀gá wa wá ńkọ́? Ọ̀gá wa, ẹ má dá mi lóhùn. Ọkùnrin tó sanra, tó ń ṣe fáàrí, tó ń fi dáì dúdú sórí ewú ẹ̀, tó sì rò pé ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ó ní eyín góòlù kan tó máa ń hàn tó bá ń pariwo, ó sì máa ń pariwo dáadáa. Torí pé inú òkùnkùn ló ti ń múra kó má bàa jí ìyàwó ẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ ẹ̀ kì í bára mu.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó mú àlejò mẹ́rin wọlé wá wo iṣẹ́. Ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó na ìka sí mi. "Eléyìí ló ń ṣeré lórí kọ̀ǹpútà," ó ní. "Ojú àánú la fi ń wò ó. Ọmọ ọdún mẹ́fà lè ṣe ohun tó ń ṣe yìí."

Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Mo gbójú sókè, oòrùn sì gba ojú fèrèsé wọlé, ó bà lé orí Ọ̀gá. Ẹ̀yin èèyàn mi! Irun tó rò pé ó dúdú, pupa yòò ni.

Nígbà tí wọ́n jáde tán, erinmi yẹn ló wà lójú kọ̀ǹpútà mi, tó ń wò mí, pẹ̀lú irun dúdú mẹ́ta lórí ẹ̀. Mo bá ọwọ́ mi wí, kò gbọ́. Mo sọ irun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di pupa. Mo dín àwòrán náà kù padà sí bó ṣe yẹ, mi ò sì rí nǹkan kan mọ́. Kò sí ojú tó lè rí i. Mo rẹ́rìn-ín títí obìnrin tó ń di ìwé ní yàrá kejì fi yọjú.

"Kí ló pa ẹ́ lẹ́rìn-ín?"

"Kò sí nǹkan kan," mo ní. "Iṣẹ́ ń dùn mọ́ mi ni."

Lọ́jọ́ kejì, mo sọ eyín erinmi di góòlù. Lọ́jọ́ kẹta, mo fi ìbọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ ní búlúù bí Bàbá ṣe kùn ún, mo sọ ìkejì di dúdú. Bí Bàbá bá ṣe ń gbé erinmi tuntun wá, bẹ́ẹ̀ ni mò ń sọ ọ́ di Ọ̀gá. Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé Ọ̀gá fúnra ẹ̀ á mú ìwé tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀, á ṣí i, á mi orí.

"Àwọ̀ yìí mà tàn o! Mi ò mọ ohun tó wà lára erinmi yìí, àmọ́ ọkàn mi fà sí i gan-an."

Èmi á ní, "Ẹ ṣé, sà." Màá wá sáré lọ sílé ìyàgbẹ́ lọ rẹ́rìn-ín mi.

Ètò tí mo ń lò lórí kọ̀ǹpútà yẹn ní ìwà kan tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Tó o bá kun nǹkan, o lè kùn ún sórí ìpele tirẹ̀, bí ẹni tẹ́ ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé àwòrán lórí, kí àwòrán ìsàlẹ̀ má bàa bà jẹ́. O sì máa fún ìpele kọ̀ọ̀kan lórúkọ, kó o lè mọ èyí tó jẹ́ kí ni. Orúkọ wọn máa ń tò sí ẹ̀gbẹ́ kan. Èmi ò fi iṣẹ́ mi ṣeré, mo fún gbogbo wọn lórúkọ. Ẹ ṣì máa gbọ́ àwọn orúkọ náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan, mo fi han ọkọ mi lórí fóònù. Káfíńtà ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé ayùn ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó nu ojú tán, ó ní, "Ìwọ obìnrin yìí, lọ́jọ́ tọ́wọ́ bá tẹ̀ ẹ́, mi ò mọ̀ ẹ́ rí o."

"Ta ló máa mú mi? Ohun tó kéré ju imú èèrà lọ!"

Àṣé Ọ̀gá ti ní i lọ́kàn pé kí wọ́n tẹ erinmi náà ní gàgàrà, kí wọ́n gbé e kọ́ iwájú iléeṣẹ́. Ọjọ́ tí ibà mú ọmọ mi, tí mi ò lọ síbi iṣẹ́, ni wọ́n wá mú un nínú kọ̀ǹpútà mi. Àwòrán tí mo ti parí ni wọ́n mú, ẹnikẹ́ni ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí mo padà dé, èèyàn kún ẹnu géètì. Mo ní kí ló dé. Dírẹ́bà iléeṣẹ́ wa kàn fi ẹnu júwe òkè.

Erinmi ni, ó ga tó ilé alájà méjì. Irun pupa. Eyín góòlù. Ẹsẹ̀ kan dúdú, ẹsẹ̀ kan búlúù.

"Ta ni mo mọ̀ tó jọ nǹkan yìí?" Dírẹ́bà ń bi afẹ́fẹ́ léèrè. "Ó wà lẹ́nu mi o."

Mọ́tò Ọ̀gá dé. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbójú sókè, ó wo erinmi, erinmi náà wò ó. Ọwọ́ ẹ̀ rọra lọ sórí irun ara ẹ̀. Gbogbo wa di ẹni tó ń wo ilẹ̀.

"Ẹ bá mi pe Bàbá Pẹ́ńsù," ó ní. "Kí ọmọbìnrin kọ̀ǹpútà náà tẹ̀ lé e."

Nínú ọ́fíìsì, Ọ̀gá ò pariwo. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù.

"Bàbá, kí ni mo fi ṣe yín?"

"Ọ̀gá, kò yé mi," Bàbá ní. "Dúdú ni mo kun irun ẹ̀. Funfun ni mo kun eyín."

"Ta ló wá sọ ọ́ di pupa?"

Àwọn méjèèjì kọjú sí mi. Ẹ̀yin ará, ẹnu ọ̀nà òtítọ́ ṣí sílẹ̀ gbayawu níwájú mi níbẹ̀, mo sì dúró sẹ́yìn ẹ̀. Mo ro ti iṣẹ́ mi. Mo ro ti ojú tí Ọ̀gá máa fi wò mí. Mo ní, "Bí Bàbá ṣe gbé e wá ni mo ṣe bá a, sà. Mo kàn tan àwọ̀ ẹ̀ ni."

Ọ̀gá ní, "Bàbá, ẹ gbọ́ ohun tó wí?"

Mo rò pé Bàbá máa pè mí ní òpùrọ́, mo sì ti ń múra láti ṣe bí ẹni tí inú ń bí. Kò pè mí bẹ́ẹ̀. Ó wò mí, ó wá wo ọwọ́ ara ẹ̀.

"Ọmọ yìí kì í purọ́," ó ní. "Á jẹ́ pé pupa ni mo kùn tí mo rò pé dúdú ni. Ọ̀gá, á jẹ́ pé ojú mi ti ń lọ."

Ìbínú Ọ̀gá rọlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ní kí Bàbá lọ rí dókítà ojú, ó sì ní kí wọ́n já erinmi kúrò lára ilé. Mo jáde. Ṣé kí n sọ òótọ́ fún yín? Inú mi kọ́kọ́ dùn pé mo bọ́.

Àmọ́ láti ọjọ́ náà, Bàbá ò jẹ́ kí n gbádùn. Á di ojú ọ̀tún, á fi tòsì wo ìgò ọ̀dà. Á di tòsì, á fi tọ̀tún wò ó. Á gbé e wá bá mi.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́, àwọ̀ wo nìyí?"

"Àwọ̀ ewé ni, Bàbá."

"Bí èmi náà ṣe rí i nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe rí dúdú náà nìyẹn."

Ó kọ orúkọ àwọ̀ sórí bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ìgò ọ̀dà ẹ̀. Ẹni tó ti ń kun nǹkan kí wọ́n tó bí mi, á ka ohun tó wà lára ìgò kó tó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́. Nígbà tó yá, àwòrán tí kò ní àwọ̀ kankan ló kù tó ń gbé wá. Dókítà ojú sọ fún un pé ojú ẹ̀ le koko. Bàbá ní, "Ó kàn ń tù mí nínú ni. Wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àgbàlagbà."

Mo sọ fún ọkọ mi. Lọ́tẹ̀ yìí, kò rẹ́rìn-ín rárá.

"Lọ sọ òótọ́ fún bàbá yẹn."

"Kí wọ́n lé mi dànù?"

"Kí wọ́n lé ẹ dànù, kí bàbá olóbàbá lè ríran."

Mo ní kó gbájú mọ́ pákó ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo ṣí gbogbo erinmi mi láti tún wọn ṣe. Ètò yẹn ní àmì ojú kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ìpele kọ̀ọ̀kan. Tó o bá tẹ ojú náà, ó máa dì, ohun tó wà lórí ìpele náà á sì pòórá. Mo tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Irun padà di dúdú, eyín di funfun. Ó yẹ kí n pa wọ́n rẹ́ pátápátá. Mi ò lè ṣe é. Ẹ bú mi, ẹ̀fẹ̀ mi ni, mo fẹ́ràn ẹ̀. Mo ní tí mo bá ti fi wọ́n pa mọ́, ó tó.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, Bàbá kọ lẹ́tà pé òun fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Ọ̀gá kó gbogbo wa jọ sí yàrá ńlá. Bàbá jókòó níwájú, ó wọ kóòtù. Wọ́n ti so kọ̀ǹpútà mi mọ́ ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri. Ọ̀gá ní ká tó sọ ohunkóhun, òun fẹ́ kí a tún erinmi yẹn ṣe níṣojú Bàbá, ká tún un tẹ̀, kí nǹkan tí Bàbá fi sílẹ̀ gbẹ̀yìn má jẹ́ àṣìṣe.

"Màá ṣe é tá a bá parí, sà," mo ní.

"Ìṣẹ́jú mélòó ló gbà? Ṣe é báyìí."

"Sà, kọ̀ǹpútà yìí ń lọ́ra..."

"Jẹ́ kí n wò ó, ọmọ mi," Bàbá ní. "Mo fẹ́ fojú mi rí i lẹ́ẹ̀kan sí i."

Kí ni mo fẹ́ sọ sí ìyẹn? Mo ṣí i.

Erinmi jáde sára ògiri. Irun dúdú, eyín funfun, ìbọ̀sẹ̀ búlúù méjì. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè. "Ṣebí ó ti dáa? Kí là ń tún ṣe?" Ọkàn mi ti ń padà bọ̀ sípò. Ìgbà yẹn ni mo rí Bàbá tó wọ awò ojú ẹ̀, tó tẹjú mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri, níbi tí orúkọ àwọn ìpele tò sí. Lára ògiri yẹn, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tóbi tó àtẹ́lẹwọ́.

Ó ń kà á sókè, díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ kíláàsì kìíní.

"Irun. Ọ̀gá. Tó. Ń. Pọ́n."



"Eyín. Góòlù. Ọ̀gá." Ó ṣí awò ojú ẹ̀ sókè, ó tún dé e. "Ìbọ̀sẹ̀ Ọ̀gá Tí Kò Bára Mu."

Gbogbo ojú lọ sí ẹsẹ̀ Ọ̀gá. Mi ò purọ́ fún yín: ọ̀kan dúdú, ọ̀kan búlúù. Dírẹ́bà sáré jáde, a sì ń gbọ́ ọ níta bó ṣe ń fi ọwọ́ gbá ògiri.

Ọ̀gá fa ẹsẹ̀ sábẹ́ àga. "Kí ni àwọn ojú kéékèèké tó wà níbẹ̀ yẹn?" Ohùn ẹ̀ ti yí padà. "Tẹ ọ̀kan."

Mo tẹ̀ ẹ́. Irun di pupa.

"Tún un tẹ̀."

Irun di dúdú.

"Tún un tẹ̀!"

Pupa. Orókún mi ti kanlẹ̀ kí n tó mọ̀. Mo ń wá ojú Bàbá, mo ń dúró de ìfọ́tí. Ẹ gbọ́, mo fẹ́ ẹ. Mo ti gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ sílẹ̀ dè é.

Bàbá fò dìde. "Dúdú ni!" ó pariwo. "Dúdú ni mo kùn ún! Ṣé ẹ rí i? Nǹkan kan ò ṣe ojú mi!"

Ó di Ọ̀gá mú léjìká, ó ń mì ín. Ó yí padà, ó ń nàka sí aṣọ àwọn èèyàn. "Ìyẹn, ìyeyè! Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ìwọ, pupa! Ìwọ tó wà lẹ́yìn, àwọ̀ ewé, èyí tó ti ṣá díẹ̀!" Àwọn èèyàn ń dá a lóhùn, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá! Bẹ́ẹ̀ ni!" Omi ń dà lójú ẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ló wà nílẹ̀ tí mò ń sunkún. Bàbá ò tiẹ̀ rántí pé èmi ló ṣe é. Ayọ̀ ò jẹ́ kó ráyè tèmi.

Ó ṣe díẹ̀ kó tó wá bá mi. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta," ó ní. "Láràárọ̀ ni mò ń pe ọmọ ọmọ mi, tí mò ń wo ojú ẹ̀ pẹ́, kí n lè ti mọ̀ ọ́n sórí kí ilẹ̀ tó ṣú mọ́ mi lójú." Ó mí kanlẹ̀. "Irun yẹn pa mí lẹ́rìn-ín o. Ó jọ ọ́ gan-an. Ká ní o sọ fún mi ni, à bá jọ rẹ́rìn-ín ẹ̀."

Ọ̀gá lé mi lọ́jọ́ náà. Kò dùn mí, ẹ̀tọ́ mi ni. Bàbá padà sẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀, mo sì gbọ́ pé Ọ̀gá ti jẹ́ kí ewú ẹ̀ jáde. Wọ́n ní ó yẹ ẹ́.

Mo lọ bẹ Bàbá nílé. Ó gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀. Ó ní òun ti dárí jì mí, mo sì gbà á gbọ́, torí kò yí ojú padà, ó béèrè àwọn ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ṣì ń pè mí ní ọmọ mi. Òjò ńlá ń rọ̀. A jókòó, a sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó ní òun fẹ́ rìn dé ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ òun tí òjò bá dá. Èmi ni mo jókòó sítòsí fèrèsé. Mo wo ìta.

Mo ní, "Bàbá, òjò ti dá."

Ó ní, "O ṣé, ọmọ mi."

Ó wá rọra dìde, ó rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi dé ojú fèrèsé, ó na ọwọ́ síta láti wò ó fúnra ẹ̀.